Ẹ Bi Wá, Ká Sọ: Labalábá Tó Ń Ká Ewé Ìrẹsì

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ o, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì gba iwájú gba ẹ̀yìn níbẹ̀: kòkòrò tó ń fi ewé bo ara ẹ̀. Òjò ló fà á jàre, ewéko yọ, gbogbo ohun tó ń jẹ ewé náà yọ tẹ̀lé e. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì, àwọn kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa, àwọn kan fi fídíò, àwọn kan sì kàn ń bínú. A mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Èyí tí ìdáhùn ẹ̀ gùn, ẹ ní sùúrù fún un, èyí tó kúrú, bó ṣe mọ náà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ìbejì ni mí, láti Ìmọ̀tà, ní Ìkòròdú. Mo gbin ìrẹsì sí ilẹ̀ àbàtà tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa, kò tíì pé oṣù kan tí mo gbìn ín. Mo wá rí i pé àwọn ewé kan ti ká mọ́ra, nǹkan kan fi òwú tínrín ran etí ẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo tú u, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan ló wà níbẹ̀, orí ẹ̀ tóbi ju ọrùn ẹ̀ lọ, ilà pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọmọkùnrin tó ń ta kẹ́míkà lẹ́bàá títì ní kí n yáa fín in kíákíá kó tó jẹ oko tán, ó ní kí n ra oríṣi méjì kí n pò wọ́n pọ̀. Owó ẹ̀ ò kéré o. Kí lẹ rí sí i? Àti pé ṣé kì í ta èèyàn, torí àwọn ọmọ máa ń tẹ̀lé mi lọ sóko.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Ìyá Ìbejì, ẹ ó jèrè ẹ̀. Ẹ má tíì fín nǹkan kan. Ẹ tọ́jú owó oògùn yẹn ná, ká jọ sọ̀rọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ rí nínú ewé yẹn, ọmọ labalábá ni. Kì í ṣe labalábá ńlá aláràbarà tí àwọn ọmọ máa ń lé kiri o, èyí kéré, àwọ̀ búráùn ló ní, tó bá na ìyẹ́ ẹ̀ méjèèjì kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ, àwọn àmì funfun wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá wà lórí ìyẹ́ iwájú ẹ̀, ẹ lè ti rí i nígbà àìmọye lórí òdòdó ẹ̀gbẹ́ oko kẹ́ ẹ má kà á sí. Skipper ni àwọn olóyìnbó ń pe ìdílé ẹ̀. Èyí tó ń jẹ ìrẹsì tí ọmọ ẹ̀ ní ilà pupa lórí bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yẹn, Pelopidas mathias ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Fabricius, ọmọ Denmark kan tó fi ayé ẹ̀ sọ kòkòrò lórúkọ, ló kọ ọ́ lọ́dún 1798. Ó wà ní Áfíríkà, ó wà ní India, ó lọ títí dé Japan, ibi tí koríko bá ti wà ló ń gbé. Ó sì láwọn ìbátan níbí tí àwọn náà ń jẹ ìrẹsì, bíi Pelopidas thrax àti Borbo fatuellus, wọ́n jọra débi pé ojú lásán ò lè tètè yà wọ́n, ṣùgbọ́n bá a ṣe ń bá ọ̀kan lò náà la ṣe ń bá ìkejì lò.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ìyá á bà lórí ewé, á yé ẹyin kan péré, á fò lọ sórí ewé mìíràn, á tún yé ọ̀kan. Kì í da gbogbo ẹ̀ síbì kan, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí kòkòrò kan nínú ewé kan. Ẹyin yẹn kéré, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́, òkè ẹ̀ rí roboto. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ọmọ á já jáde, ohun àkọ́kọ́ tó sábà máa ń jẹ ni èèpo ẹyin tó ti jáde, lẹ́yìn náà á wá etí ewé, á fi okùn ẹnu ẹ̀ so etí kan mọ́ ìkejì, ó ti kọ́lé nìyẹn. Ọ̀sán ló máa ń fi sinmi nínú ilé yẹn, tí ilẹ̀ bá ṣú á jáde wá jẹun. Etí ewé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á jẹ ẹ́ wọnú títí á fi kan egungun àárín ewé, á wá fi egungun yẹn sílẹ̀ gbangba. Bó ṣe ń dàgbà á máa bọ́ awọ, á sì máa kó lọ sílé tó fẹ̀ jùyẹn lọ, á fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá dàgbà tán ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ̀rù á sì ba ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló máa so ara ẹ̀ mọ́ ewé, okùn kan á gba ìdí ẹ̀, òmíràn á gba àárín ẹ̀, á dákẹ́ síbẹ̀ nínú èèpo aláwọ̀ ewé tí orí ẹ̀ rí ṣóńṣó, títí labalábá á fi jáde.

Ó dáa, ṣé á jẹ oko tán? Rárá o. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìrẹsì ní Éṣíà, níbi tí kòkòrò yìí ti pọ̀ gan-an, kì í kà á mọ́ àwọn ọ̀tá ńlá, wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n kó dín ìkórè kù. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ìrẹsì tí ò tíì pé oṣù kan, ó ṣì ń hu ọmọ lọ́wọ́, ewé tuntun ń yọ ju èyí tí kòkòrò lè jẹ lọ. Èkejì, àwọn tó ń jẹ kòkòrò yẹn fúnra ẹ̀ pọ̀ nínú oko yín. Àwọn agbọ́n kan wà tí wọ́n kéré débi pé inú ẹyin labalábá ni wọ́n ń yé ẹyin tiwọn sí, Trichogramma ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ agbọ́n á jẹ ẹyin yẹn látinú. Eṣinṣin kan wà tó jẹ́ pé ara ìdin ló ń gbé ọmọ ẹ̀ sí. Aláǹtakùn tó ta wẹ́ẹ̀bù sáàárín ìrẹsì, labalábá tó ti dàgbà ló ń dè. Ẹ ò san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá fín oògùn, pàápàá èyí tó ń pa gbogbo nǹkan, ta ló máa kú? Aláǹtakùn tó wà níta gbangba á kú, agbọ́n tó ń fò kiri á kú. Kòkòrò tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó wà nínú ilé tó ti fi ewé sé, díẹ̀ nínú wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó máa tẹ̀lé e ni pé àwọn kòkòrò mìíràn tí aláǹtakùn ti ń bá yín pa tẹ́lẹ̀ á wá rí ààyè.

Kì í ṣe ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́ o. Lọ́dún 1994 ní Vietnam, níbi odò Mekong, K. L. Heong àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì lọ bá àwọn àgbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ya apá kan oko sọ́tọ̀, kí wọ́n má fín oògùn kòkòrò síbẹ̀ fún ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n máa fín ibi tó kù bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá fojú ara wọn wo ìkórè. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sórí rédíò, wọ́n fi ṣe eré tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Ìkórè ibi tí wọn ò fín ò dín sí ti ibi tí wọ́n fín, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oògùn sápò. Oko tiyín náà ò tíì kúrò nínú ogójì ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Tí ìrẹsì bá fẹ́ yọ orí, ewé tó kẹ́yìn, èyí tó dúró ṣánṣán lókè, òun ló ń bọ́ ọmọ ìrẹsì. Ewé yẹn ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan fi ṣeré. Tẹ́ ẹ bá rí i tí púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ká tàbí tí wọ́n ti jẹ ẹ́ dé egungun, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín wá wò ó. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ tó. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ ní àárọ̀, ẹ ní kí wọ́n wá ewé tó ká, kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ́lẹ́ látòde, ó tán. Tàbí kí wọ́n ja ewé yẹn fún adìyẹ. Kì í ta èèyàn, kò ní irun, kò ní oró, ara ẹ̀ ń dán ni. Èyí tó nírun tó ń yún èèyàn lára, ìdílé mìíràn nìyẹn.

Ẹ tún wò ó dáadáa kó má lọ jẹ́ kòkòrò mìíràn ló wà níbẹ̀. Òmíràn wà tó máa ń ká ewé ìrẹsì, ìyẹn ọmọ àfòpiná, òun kì í jẹ etí ewé, inú ló ti ń ha àwọ̀ ewé kúrò, ewé á wá ní ilà funfun gbọọrọ. Ìyẹn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan nígbà tí ìrẹsì ṣì kéré. Tí ìrẹsì bá wá ní èèhù tó gùn tó sì rí roboto bí ewé àlùbọ́sà, tí kò láwọ̀ ewé mọ́, tí kò ní yọ orí láé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn, Orseolia oryzivora, ló ń fà á. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti wà, òun gan-an ni kẹ́ ẹ lọ pariwo ẹ̀.

Ní ti kí wọ́n pò oògùn méjì pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Oògùn tí wọn ò kọ sára páálí ẹ̀ pé ó ṣeé pò mọ́ òmíràn, kò ṣeé pò. Ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yin náà lẹ máa mí in símú. Àti fẹtiláísà, ẹ má kàn dà á lé e lórí pé kí ewé yáa tún yọ, yúríà tó bá pọ̀jù á jẹ́ kí ewé rọ̀, gbogbo ohun tó ń jẹ ewé ló fẹ́ràn ewé tó rọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀tá oko lẹ ń wá, ẹ lọ gbójú sókè wo ẹ̀ga nígbà tí ìrẹsì bá gbó. Ẹyẹ yẹn ló ń jẹ owó yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa parí ìjà. Èmi àti àbúrò mi nílé wa ní Ẹ̀pẹ́ rí nǹkan búráùn kékeré kan lórí òdòdó, ó gbé ìyẹ́ iwájú sókè, ó tẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ bíi bàálù tó fẹ́ gbéra. Èmi ní labalábá ni, ó ní àfòpiná ni torí ara ẹ̀ sanra ó sì nírun. A ti fi abọ́ ìrẹsì kan ta tẹ́tẹ́. Ta ló jẹ?

ÌDÁHÙN: Ìwọ lo jẹ, ṣùgbọ́n àbúrò ẹ náà ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Skipper náà ni. Ìjà yín yìí, àwọn onímọ̀ fúnra wọn jà á fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ya ìdílé yìí sọ́tọ̀ kúrò lára labalábá yòókù torí ara ẹ̀ tó ki àti orí ẹ̀ tó fẹ̀, ìgbà tí wọ́n wá yẹ DNA wọn wò ni wọ́n tó gbà pé àárín labalábá gan-an ló wà. Ẹ̀yà ẹ̀ tó nǹkan bí 3,500 káàkiri ayé, Hesperiidae ni orúkọ ìdílé.

Tó o bá tún rí i, wo ìwo orí ẹ̀ méjèèjì. Ti labalábá yòókù máa ń wú ní ṣóńṣó, ó parí síbẹ̀. Ti skipper wú, lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ kọ́rọ́ sẹ́yìn ní ṣóńṣó. Ti ọ̀pọ̀ àfòpiná kì í wú rárá, á kàn rí gbọọrọ tàbí kó ní irun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló máa parí ìjà, ìyẹ́ gbígbé yẹn ò tó, torí kì í ṣe gbogbo skipper ló ń ṣe é, apá kan nínú ìdílé ni, àwọn tó ń jẹ koríko. Òmíràn máa ń tẹ́ gbogbo ìyẹ́ sílẹ̀ gbalaja, òmíràn á pa á dé.

Àwọn bàbá wa ní labalábá fi ara ẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é o. Wò ó bó ṣe ń fò, kì í fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, á kàn já lójijì ni, ojú ẹ ò ní tètè bá a, á tún ti wà lórí òdòdó mìíràn. Akọ máa ń yan ibì kan jókòó, ohunkóhun tó bá kọjá, á lé e, kódà kó jẹ́ eṣinṣin. Wọ́n tún máa ń bà sórí ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti gbẹ, wọ́n á tu omi ìdí wọn sí i kó rọ̀, wọ́n á wá fi ahọ́n fà á padà mu. Iyọ̀ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Má sọ fún àbúrò ẹ kó tó san ìrẹsì yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo gbin àgbọn kékeré, ewé wọn kan lẹ̀ mọ́ra, tí n bá tú u mo máa ń rí ìdin nínú ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ pe àdúrà Màgíríbì, labalábá dúdú kan máa ń fò kiri ibẹ̀, ojú ẹ̀ pupa. Ìyá mi àgbà ní kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀yin ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kí Màmá fún wa o. Ojú lásán ni, ojú pupa ni wọ́n dá mọ́ ọn.

Àgbọn àti ọ̀pẹ láwọn skipper tiwọn ní apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí. Pteroteinon laufella ni ọ̀kan, ojú pupa yẹn jẹ́ àmì òun àtàwọn tó sún mọ́ ọn, ìdin ẹ̀ ń jẹ ewé ọ̀pẹ ó ń jẹ ewé àgbọn, òun ni mo fura sí nínú àlàyé yín. Zophopetes cerymica ni ìkejì, òun náà ń jẹ ọ̀pẹ, àgbọn, ọ̀gọ̀rọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ló sì ń fò, tí labalábá yòókù bá ti lọ sùn. Hewitson, ará England, ló sọ àwọn méjèèjì lórúkọ láàárín ọdún 1860 sí 1870. Bóyá ojú ńlá yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ríran nínú òkùnkùn díẹ̀, èrò tèmi nìyẹn.

Àgbọn tó ti dàgbà ò ní mọ̀ pé wọ́n jẹ òun. Èyí tó kéré tí ewé ẹ̀ ò pọ̀ lẹ máa fi ọwọ́ tú, ẹ mú ìdin kúrò, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò gan-an ni pé, ṣé ewé tuntun tó ń yọ láàárín ò gé ní ìrísí V, bíi pé ẹnì kan fi sísọ́ọ̀sì gé e? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀bọ̀ńbọ̀n oníwo kan, Oryctes monoceros, ló ń lu ihò sínú ọkàn àgbọn yín, ìyẹn lè pa igi. Ẹ kó gbogbo kùkùté àgbọn tó ti jẹrà kúrò nítòsí, ibẹ̀ ló ń bímọ sí. Ẹ sì ṣèrànwọ́ fún ara yín, NIFOR, àwọn tó ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá Benin látọdún 1939, ní ibùdó àgbọn ní Àgbádárìgì yín níbẹ̀, ẹ gé ewé kan dání lọ bá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí fídíò ibi tí ìdin funfun bíi pé wọ́n dà á ní fùláwà ti ká gbogbo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán. Ṣé èyí náà wà ní Ìkòròdú? Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀. Erionota nìyẹn, skipper ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Éṣíà ni ilé ẹ̀. Ó dé Hawaii lọ́dún 1973, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn gan-an, wọ́n lọ kó àwọn agbọ́n wínníwínní tó ń jẹ ẹyin àti ìdin ẹ̀ wá, àwọn agbọ́n yẹn ló bá wọn ṣẹ́gun. Ẹ kàn má bá ẹnikẹ́ni gbé èèhù ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti òkè òkun wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ má bínú, ìbéèrè ẹ̀gbin ni. Mo tú ewé koríko kan tó ká, ìdin wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé náà mọ́ tónítóní. Ó ń jẹun látàárọ̀ ṣúlẹ̀, níbo ló ń ṣe gáà sí?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹnì kan bi mí! Ó ń jù ú ni. Kì í ṣe pé ó ń jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ o, ó ń jù ú, ó sì ń jìnnà.

Ìdí ìdin skipper ní nǹkan kan tó rí bí ìyàrun lábẹ́ awọ tó bo ihò ìdí. Ìgbẹ́ á jókòó sí i, ìdin á fi agbára ẹ̀jẹ̀ inú ara ẹ̀ tì í látẹ̀yìn títí á fi ki, ìyàrun yẹn á yọ lójijì, ìgbẹ́ á fò jáde. Èyí tí wọ́n ti wò jù lọ wà ní Amẹ́ríkà, Epargyreus clarus, labalábá tó ní àmì funfun tó ń dán lábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn, ọmọ ẹ̀ ń jẹ ewé àwọn igi tó ń so èso bí ẹ̀wà. Orí ọmọ ẹ̀ pupa rúsúrúsú, àmì méjì wà níbẹ̀ tó jọ ojú tó ń wò yín. Ní 2003, Martha Weiss ní Yunifásítì Georgetown gbé ìwádìí ẹ̀ jáde: ìdin tí gígùn ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ju ìgbẹ́ tó ju mítà kan àbọ̀ lọ, ìyẹn ìlọ́po méjìdínlógójì gígùn ara ẹ̀. Ẹ fi ara yín sí i, èèyàn tó ga níwọ̀nba á jókòó sílé ẹ̀, tirẹ̀ á já sí ìkẹfà ilé.

Weiss wá bi ara ẹ̀ pé, kí ló dé tí ìdin ń ṣe wàhálà tó tó yìí? Ó rò ó pé bóyá torí kí inú ilé má kún ni, kò jọ bẹ́ẹ̀. Ó rò ó pé bóyá torí àìsàn ni, àwọn tó fi sínú ìgbẹ́ ara wọn ò ṣàìsàn ju àwọn yòókù lọ. Ìgbà tó wá kó agbọ́n mọ́ wọn ló rí ìdáhùn. Ó fi ìgbẹ́ sínú ilé àwọn kan, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tó tóbi bíi ìgbẹ́ yẹn sínú ti àwọn mìíràn. Ọ̀dọ̀ onígbẹ̀ẹ́ ni agbọ́n lọ ń wá kiri jù, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni wọ́n ti pa ìdin jù. Òórùn ìgbẹ́ ló ń júwe ilé fún agbọ́n. Tiyín tó wà lórí koríko yẹn, ìdílé kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, torí náà ẹ wo ilẹ̀ dáadáa ní ọ̀ọ́kán, kì í ṣe abẹ́ ewé.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi rí bí ìdin ṣe ń di labalábá. Ṣé mo lè lo èyí?

ÌDÁHÙN: Òun ló dáa jù, Tíṣà, torí oúnjẹ ẹ̀ ò wọ́n. Kò yẹ kẹ́ ẹ lọ sóko ìrẹsì olóko, Pelopidas mathias ń jẹ ìrèké, ó ń jẹ ẹ̀kan náà, ẹ̀kan ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ wá ewé tó ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí wọn ò fín oògùn koríko sí. Kí ẹ má tú ilé ẹ̀, ẹ gé ewé náà lódindi.

Ìgò ńlá tàbí búkẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ti tó. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọn ò tíì fi oògùn sí bò ó, ẹ so rọ́bà mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ tẹ́ ìwé sísàlẹ̀, ẹ má bu omi sí i, omi ló ń pa wọ́n ju ebi lọ. Irú ewé tẹ́ ẹ ti bá a lórí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un lójoojúmọ́, ẹ má fi ewé ẹ̀kan rọ́pò ìrèké nítorí pé ó sún mọ́ yín. Ẹ má gbé e sínú oòrùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọn gígùn ẹ̀ pẹ̀lú rúlà látòde ìgò, kí wọ́n sì wá ìgbẹ́ lára nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Tó bá di pé kò jẹun mọ́, tó ń rìn kiri láìsinmi, ó fẹ́ so ara ẹ̀ mọ́ nǹkan nìyẹn. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tì í síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lẹ máa fi dúró. Ó lè jẹ́ pé eṣinṣin tàbí agbọ́n ló máa jáde dípò labalábá, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sunkún, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti wọ inú ìdin náà kẹ́ ẹ tó gé ewé, wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ méjì lówó ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ labalábá, ìyẹ́ ẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀ jọ̀bọ̀, á rọ̀ kọ́ igi títí ìyẹ́ á fi nà tó sì gbẹ, omi kan tó pọ́n díẹ̀ lè kán láti ìdí ẹ̀ sórí ìwé. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò fara pa, ìdọ̀tí inú ara ẹ̀ tó ti wà látìgbà tó ti wà nínú èèpo ni. Ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú, torí ọmọ kan á sáà pariwo.